Ẹjọ́ Sítátà: Bí A Ṣe Lè Wádìí Ọkọ̀ Tí Ó Ń Lọ́ra Láti Sítáàtì

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n fi òwe náà pa, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mu pẹ̀lú. Nínú gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀, ekukáká ni a fi lè rí èyí tí a máa ń dá lẹ́bi láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tó sítátà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kíkì. Bí ọkọ̀ bá ti ń fi ìlọ́ra dáhùn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ohun tí a óò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Kíkì ti lọ." Wọn a tú u, wọn a ra òmíràn, owó a sì ti bọ́ sí àpò ẹni tí ó tà á kí á tó mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an ṣì wà nínú ọkọ̀.

Kì í ṣe àhesọ ni mo ń sọ yìí. Ọkọ̀ ni bàbá mi fi ń ṣe kábúkábú ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2022, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òjòjò. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì a máa yí bí ẹni tí a jí lójú oorun tí kò tíì tó o: ẹẹ̀... ẹẹ̀... ẹẹ̀... Nígbà mìíràn a jí. Nígbà mìíràn, àwọn èrò ni yóò sọ̀ kalẹ̀ tì í. Oníṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè sọ pé bátìrì ti kú. Wọ́n ra titun. Ọkọ̀ ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó padà sí ìwà rẹ̀. Oníṣẹ́ kan náà wá ní kíkì ni. Owó èésú tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, ni bàbá mi yá láti fi ra kíkì tòkunbọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dè é, ohùn kan náà ni a tún gbọ́. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wọlé lọ ni.

Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ríwáyà ni wọ́n tú àṣírí náà. Wọn kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ ju wáyà jọ́ńpà kan lọ. Wọ́n ní kí bàbá mi ṣíná ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé wáyà kan tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì ọkọ̀, wọ́n sì fà á kúrò kíá. "Dírẹ́bà, wá fọwọ́ kàn án." Wáyà náà gbóná janjan. Ìpẹtà ti jẹ ẹnu rẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì tí ó dè é. Wọ́n fi wáyà jọ́ńpà so ẹ́ńjìnnì mọ́ bátìrì, ọkọ̀ sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí a fi ra wáyà mìíràn kò tó owó epo ọjọ́ kan. Gbèsè ni mo fi wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn oníṣẹ́ léèrè, tí mo sì ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan lè bi mí pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú kíkì ọkọ̀. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ọkọ̀ bá ń yọ lẹ́nu láàárín wa, Yorùbá ni ó fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ríwáyà, Yorùbá náà sì ni ríwáyà fi ń dá a lóhùn. Bí èdè wa bá lè gbé àìsàn ọkọ̀ ní gbogbo gáréèjì, kí ni ó dé tí kò fi ní lè gbé e nínú ìwé?

IṢẸ́ TÍ SÍTÁTÀ Ń ṢE

Ẹ́ńjìnnì kò lè dá ara rẹ̀ jí. Ó di dandan kí nǹkan mìíràn kọ́kọ́ yí i, kí ó lè fa epo àti afẹ́fẹ́ sínú, kí iná sì ràn án. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni a fi ń yí i. Irin kan wà tí a ń kì bọ iwájú ọkọ̀, tí ọkùnrin alágbára yóò dì mú, tí yóò sì fi tipátipá yí i. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ àwọn ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà lè rántí irin náà. Iṣẹ́ eléwu ni, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ará Amẹ́ríkà kan, Charles Kettering, ni ó ṣe sítátà oníná tí ó wúlò fún ọkọ̀ ní ọdún 1911, ilé-iṣẹ́ Cadillac sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú àwọn ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni, lọ́mọdé lágbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti jókòó sínú ọkọ̀ kí ó sì ṣíná rẹ̀.

Sítátà kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gba iná jù lọ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ kékeré tí ń lo bẹntiróòlù lè gba nǹkan bí ampere 100 sí 200 nígbà tí sítátà bá ń yí i. Àtùpà iwájú méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ watt 55, kò gbà ju bí ampere 9 lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo àṣírí náà wà.

Ọ̀NÀ MÉJÌ TÍ INÁ Ń GBÀ

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ìdí sítátà. Ọ̀nà kékeré ni àkọ́kọ́: láti bátìrì, ó gba inú fíúsì kọjá sí ibi tí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́, ó gba inú rílè, ó sì dé solenoid, èyí tí ó gùn orí sítátà. Nínú ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀, síwíìṣì kan tún wà lójú ọ̀nà yìí tí kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi bí jíà bá wà ní P tàbí N. Iṣẹ́ ọ̀nà kékeré yìí kò ju pé kí ó jíṣẹ́ fún solenoid lọ.

Ọ̀nà ńlá ni èkejì. Bí solenoid bá ti gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i, ohun méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ti eyín kékeré kan tí a ń pè ní bendix síwájú kí ó lè bá eyín flywheel ara ẹ́ńjìnnì wọnú ara wọn; ó sì ń so bàbà méjì pọ̀ nínú ara rẹ̀ kí iná ńlá lè kọjá. Iná ńlá yìí ń ti orí bátìrì tí a kọ + sí bọ̀, ó ń gba wáyà nínípọn kan dé solenoid, ó wọ inú sítátà lọ, ó jáde sí ara ẹ́ńjìnnì, ó sì gba wáyà ẹ́ẹ̀tì padà sí orí bátìrì tí a kọ − sí. Bí òpó omi ni ọ̀rọ̀ náà rí: kì í ṣe àlọ nìkan ni a ń wò, a ń wo àbọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yẹ wáyà + wò fínnífínní, wọn kò sì ní bojú wo wáyà ẹ́ẹ̀tì rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ti bàbá mi sá pamọ́ sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀. Ká ní ìpẹtà mú kí ojú kan ní ọ̀nà ńlá ní ìdíwọ́ tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohm lọ. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ mítà kò fi ní lè rí i. Bí ampere 150 bá gba ibẹ̀ kọjá, volt 1.5 ni yóò ṣòfò síbẹ̀, yóò sì di ooru. Bí volt 10.5 bá kúrò nídìí bátìrì, volt 9 ni yóò dé ọ̀dọ̀ sítátà. Sítátà yóò máa yí, ṣùgbọ́n yóò máa yí bí ẹni tí kò jẹun. Ẹ wá jẹ́ kí àtùpà iwájú gba ojú kan náà kọjá. Ampere 9 péré ni yóò gbà, nítorí náà ohun tí yóò ṣòfò kò tó volt 0.1. Àtùpà yóò tàn yòò, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì sọ pé, "Iná ń bẹ dáadáa, kíkì ni kò dára." Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ̀ pé àtùpà tí ó tàn kò tíì jẹ́ ẹ̀rí tó pé ọ̀nà ńlá mọ́.

ÌRÓ NI ẸLẸ́RÌÍ ÀKỌ́KỌ́

Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò ní wí pé "Ara mi kò yá" kí ó sì dákẹ́. Yóò sọ bóyá orí ń fọ́ òun ni tàbí inú ń run òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á ṣe fún ọkọ̀. Èdè Yorùbá sì ṣe wá lóore níhìn-ín, nítorí pé ó kún fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì sọ ìró náà fún ríwáyà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti gbọ́ ọ.

(1) Bí ó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ léraléra, solenoid ń gbìyànjú láti di bàbà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí iná ńlá bá ti fẹ́ kọjá ni agbára ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bátìrì tí ó ti rẹ̀ tàbí orí bátìrì tí kò fún dáadáa ni ó sábà máa ń fa èyí.

(2) Bí ó bá dún kọ́! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì dákẹ́, solenoid ti gbọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n sítátà kò yí. Bàbà inú solenoid lè ti jó, tàbí kí kábọ́ọ̀nù inú sítátà ti jẹ tán. Ẹnu wáyà tí ó bàjẹ́ púpọ̀ náà lè fà á.

(3) Bí ó bá ń dún ẹẹ̀... ẹẹ̀... ẹẹ̀..., ẹ́ńjìnnì ń yí ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Bátìrì, orí bátìrì, wáyà +, wáyà ẹ́ẹ̀tì, sítátà, títí kan ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ni a lè fura sí. Níbí ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe ìdájọ́ òjijì.

(4) Bí ó bá dún wíìì bí ẹ̀rọ tí ń sáré lásán, sítátà ń yí ṣùgbọ́n kò gbá ẹ́ńjìnnì mú. Bendix ni kí ẹ yẹ̀ wò.

(5) Bí ó bá dún gàrà-gàrà bí irin tí ń họ irin, eyín bendix tàbí ti flywheel ti jẹ, tàbí kí nọ́ọ̀tì tí ó de sítátà ti tú. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú láti máa ṣíná, nítorí pé eyín flywheel wọ́n ju sítátà lọ láti tún ṣe.

(6) Bí ó bá dákẹ́ lọ gbári, ọ̀nà kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ipò tí jíà wà, fíúsì, rílè, ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, àti wáyà tín-ínrín tí ó wọ solenoid.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń yí kíákíá bí ó ti yẹ ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ fi sítátà sílẹ̀ ní àlàáfíà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ẹ lọ wádìí epo àti iná plọ́ọ̀gì.

ÀTÙPÀ NI ẸLẸ́RÌÍ KEJÌ

Ẹni tí kò ní mítà kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Ní àṣálẹ́, ẹ dojú ọkọ̀ kọ ògiri, ẹ tan àtùpà iwájú, kí ẹ sì ṣíná ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń wo ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri. Ohun mẹ́ta ni ó lè ṣẹlẹ̀.

Bí àtùpà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá, ó lè jẹ́ pé bátìrì ti rẹ̀, tàbí pé orí bátìrì kò mọ́. Ó tún lè jẹ́ pé sítátà tàbí ẹ́ńjìnnì ti há tí ó fi ń gba iná ju bí ó ti yẹ lọ. Bí àtùpà bá ń tàn yòò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, tí sítátà kò sì mira, iná ńlá kò kọjá rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún ẹẹ̀... ẹẹ̀..., a jẹ́ pé bátìrì ní agbára, ṣùgbọ́n agbára náà kò dé ibi tí a rán an. Ìdíwọ́ wà lójú ọ̀nà tàbí nínú sítátà. Bí a bá ti dán èyí wò lára ọkọ̀ bàbá mi ní alẹ́ àkọ́kọ́, a kì bá tí ra bátìrì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lo ọwọ́ yín. Nígbà tí a bá ti ṣíná fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, tí a sì ti yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ rọra fọwọ́ kan orí bátìrì méjèèjì àti gbogbo ẹnu wáyà ńlá tí ọwọ́ lè tó. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn tí ó kù lọ ni agbára ń ṣòfò sí. Ẹ tún lè fi wáyà jọ́ńpà so orí − bátìrì mọ́ irin ara ẹ́ńjìnnì tí ó mọ́. Bí ọkọ̀ bá jí dáadáa lẹ́yìn náà, wáyà ẹ́ẹ̀tì ti jẹ́wọ́.

MÍTÀ NI ẸLẸ́RÌÍ KẸTA

Ẹni tí ó bá ní mítà ti ní ohun tí kì í ṣojúsàájú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ tó wọn bátìrì. Volt 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi hàn pé ó kún. Volt 12.4 súnmọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, volt 12.2 súnmọ́ ìdajì, volt 12.0 kò sì ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Bátìrì tí kò kún kò lè jẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi iná sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ fíúsì ẹ̀rọ tí ń fa epo kí ẹ́ńjìnnì má baà jí, kí ẹnì kan ṣíná, kí ẹ sì máa wo mítà lórí bátìrì. Bí bátìrì tí ó kún bá já wálẹ̀ kọjá volt 9.6, yálà bátìrì náà ti gbó, tàbí sítátà ń mu iná lámujù. Ẹ fi bátìrì mìíràn tí ẹ mọ̀ dájú pé ó dára dán an wò, kí ẹ lè mọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mítà bá dúró ní volt 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ́ńjìnnì sì ń lọ́ra síbẹ̀, ẹ má ṣe na ìka sí bátìrì mọ́.

Ìdánwò tí ó tẹ̀lé e yìí ni àwọn oníṣẹ́ tí ó kánjú kì í ṣe. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí òjé + bátìrì gan-an, kì í ṣe sórí irin tí ó dè é. Ẹ fi ẹnu kejì sórí nọ́ọ̀tì ńlá tí ó wà lára sítátà, kí a sì tún ṣíná. Ohun tí mítà bá kà ni agbára tí ó ṣòfò lójú ọ̀nà. Kò yẹ kí ó ju volt 0.5 lọ. Ẹ ṣe bákan náà láti òjé − sí ara sítátà. Kò yẹ kí ìyẹn ju volt 0.2 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa sún ẹnu mítà láti oríkèé kan sí èkejì títí tí ẹ ó fi rí ibi tí ó ti fò sókè. Bí ojú bá farabalẹ̀, yóò rí imú.

Nígbà tí ọkọ̀ bá jí tán, ẹ tún wọn bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, volt 13.8 sí 14.5 ni ó yẹ kí á rí, èyí tí ó fi hàn pé alternator ń fi iná padà sínú bátìrì. Wáyà ẹ́ẹ̀tì kan náà ni alternator ń gbà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti bàbá mi lọ́jú pọ̀: wáyà tí ó ń dí sítátà lọ́wọ́ nígbà tí ó fẹ́ gba iná ni ó tún ń dí alternator lọ́wọ́ nígbà tí ó fẹ́ dá iná padà. Bátìrì titun fi agbára ara rẹ̀ borí ìdíwọ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí kò rí iná tó gbà padà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

BÍ SÍTÁTÀ BÁ JẸ̀BI NÍTÒÓTỌ́

Èmi kò sọ pé sítátà kì í jẹ̀bi. Bí bátìrì bá kún, tí ọ̀nà méjèèjì mọ́, tí ìró sì ń dún bákan náà, ẹ tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá dán an wò lórí ilẹ̀ tí ó yí dáadáa, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó há. Bí kò bá sì yí dáadáa, ẹ jẹ́ kí á tú inú rẹ̀ wò kí á tó sọ pé a ó ra òmíràn. Kábọ́ọ̀nù máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé; nígbà tí ó bá kúrú tán, kò ní lè fara kan amáṣọ̀ dáadáa mọ́. Irú sítátà bẹ́ẹ̀ ni a ń fi irin gbá lára tí ó sì ń jí. Ẹni tí ó bá ń gbá a lójoojúmọ́ kò tíì tún un ṣe. Ó kàn ń tọrọ ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Búṣì náà a máa gbó, amáṣọ̀ a sì máa ha ara ògiri rẹ̀. Èyí sábà máa ń le sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: ọkọ̀ tí ó jí dáadáa láàárọ̀ a wá máa lọ́ra lẹ́yìn tí a bá dúró ra epo lọ́sàn-án. Kábọ́ọ̀nù, búṣì àti bàbà solenoid ṣeé pààrọ̀ lára ọ̀pọ̀ sítátà, owó wọn kò sì súnmọ́ owó odidi kíkì.

ÌKÌLỌ̀

Ẹ má ṣe ṣíná ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún gbìyànjú, nítorí pé ooru ni ó ń pa á.

Bátìrì a máa tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná. Nítorí náà, ẹ má ṣe mu sìgá tàbí ṣá iṣáná nítòsí rẹ̀. Ásíìdì ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá fẹ́ tú wáyà bátìrì, ẹ kọ́kọ́ tú −. Bí ẹ bá fẹ́ dè é padà, − ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé tí ó ń hù lórí bátìrì ṣeé fọ̀ pẹ̀lú omi tí a po sódà tí àwọn alákàrà òyìnbó ń lò sí; lẹ́yìn èyí, ẹ fi sánpépà ha á títí irin yóò fi dán.

Bí ẹ bá fẹ́ gba iná lára ọkọ̀ mìíràn, ẹ fi wáyà pupa so + èyí tí ó kú mọ́ + èyí tí ó dára. Ẹ so wáyà dúdú mọ́ − èyí tí ó dára, kí ẹ sì fi ẹnu kejì rẹ̀ so mọ́ irin ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó kú, jìnnà sí bátìrì rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi sikudiráfà so ojú solenoid pọ̀ láìjẹ́ pé ó yẹ jíà wò. Bí jíà bá wọlé, ọkọ̀ yóò fò síwájú, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ ni yóò sì gbá.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání kò ju èyí lọ: láti orí ohun tí kò náni lówó ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ìró kò náni ní kọ́bọ̀. Ògiri àti àtùpà kò náni ní kọ́bọ̀. Ọwọ́ tí a fi kan wáyà kò náni ní kọ́bọ̀. Orí bátìrì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà bátìrì, kí ó tó wá kan sítátà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí oníṣẹ́ bá sọ fún yín pé kíkì ti lọ, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ kàn fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" Oníṣẹ́ gidi yóò dáhùn, yóò sì fi hàn yín.

Kíkì àkọ́kọ́ tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ bàbá mi ṣì wà lábẹ́ àga ní ilé wa. Nígbà tí mo gba ìsinmi, a gbé e jáde, a fi bátìrì dán an wò lórí ilẹ̀. Ó yí bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é.